BM tàbí Corolla? Ẹ Kọ́kọ́ Bi Rédíétọ̀ Wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbéèrè kan náà lẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá: "Bọ̀dá, owó mọ́tò ti jọ. Ṣé kí n ra Corolla ni àbí BM?"

Mo mọ ohun tó ń fà á. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò létí títì, ẹ bá BM (ìyẹn BMW) 330i, irú èyí tí wọ́n ń pè ní E46, tó dúró ti Corolla 2005. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Nígbà mìíràn BM tiẹ̀ máa ń dínwó ju Corolla lọ! Ọkàn á bá dàrú.

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀. Nígbà tí BM yẹn jáde ní tuntun, ta ló jẹ́ fi owó Corolla rà á? Bó bá wá di ẹgbẹ́ Corolla lónìí, ẹnìkan ti ṣírò ohun tí ìwọ ò tíì ṣírò. Owó tí wọ́n yọ fún ọ yẹn, iṣẹ́ tí ẹni tó lò ó ṣáájú ò ṣe ni. Ìwọ lo máa ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra BM o. Háà! Sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn, lítà mẹ́ta, agbára ẹṣin 231. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀, nítorí náà táyà iwájú ò ní wàhálà méjì, kó ṣáà ti yà síbi tó o bá darí ẹ̀ sí. Ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Kúrò ní Àjàṣẹ́-Ìpo láàárọ̀ kùtù, kọjá Òró, kó o dorí kọ Òmù-Àrán nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣófo. O kàn yí ọwọ́ díẹ̀ sí kọ́nà ni, imú ọkọ̀ ti wọ ibẹ̀. O tẹ iná, ìdí ọkọ̀ jókòó, àga gbá ọ lẹ́yìn, ohùn ẹ́ńjìnnì ń gòkè, ìwọ nìkan ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, Corolla kan ò fún mi ní irú ẹ̀ rí.

Corolla ńkọ́? Lítà 1.8, agbára ẹṣin 130, táyà iwájú ló ń fà á. Kò ní bú ọ, kò ní yìn ọ́. Ṣùgbọ́n páàtì rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ó wà ní Ọ̀fà, ó wà ní Òmù-Àrán, mẹkáníìkì abẹ́ igi náà sì ti tú u palẹ̀ rí, ó sì tún un tò. Ẹni tó bá ní ìpàdé láago mẹ́jọ mọ ohun tí mò ń sọ. (Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ gun Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín wa. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ìyẹn náà, ó dùn ún gùn, kòtò ò sì dẹ́rù bà á. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.)

Ṣebí oríkì wa ni pé Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wa? Lọ́jọ́ Dọ́bà, gbogbo èèyàn ló ń wo ẹni tó wà lórí ẹṣin. Èmi a máa wo ẹni tó di ìjánu mú nísàlẹ̀. Ẹni yẹn ló mọ ọkà bàbà tí ẹṣin jẹ, ló mọ ìgbà tó mu omi, ló mọ pátákò tó ń dùn ún. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru igi, ohun tó bá rí lójú ọ̀nà ló ń jẹ. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ra ẹṣin. Kí o ra ẹṣin tán, kó o wá máa fún un lóúnjẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wàhálà rèé!

Oúnjẹ wo ni? Ó yá, ẹ sún mọ́bí. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣìṣe rèé.

Oṣù kẹta, oòrùn ń ta, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà ní Post Office n'Ílọrin, ọkọ̀ bá gbóná. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mi orí, ó tú nǹkan kékeré kan jáde, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lo èyí. Ilẹ̀ tiwa gbóná." Ó rọ omi ẹ̀rọ kún rédíétọ̀. Ẹ sanwó, ẹ tún dúpẹ́.

Tẹ̀mósítáàtì ló yọ yẹn. Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N YỌ Ọ́! Ṣé ẹ gbọ́? ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ YỌ TẸ̀MÓSÍTÁÀTÌ, ìbáà ṣe BM, ìbáà ṣe Corolla!

Ilẹ̀kùn ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á tì í kí ara ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Tó bá gbóná tó bó ṣe yẹ, á ṣí i kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, tó o wá ń sáré lọ lójú ọ̀nà Ọ̀fà, ẹ́ńjìnnì lè má dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ṣe lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i, á máa da epo kún epo. Pẹ̀lú iye tí a ń ra bẹntiróòlù láti oṣù karùn-ún 2023! Ti BM tún wá le sí i, torí wáyà wà lára tẹ̀mósítáàtì rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Yọ ọ́, iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tó sì ń mú ọkọ̀ gbóná ṣì wà níbẹ̀: fáànù tí kò yí, rédíétọ̀ tó dí, pọ́ǹpù omi tó ti kú. Ẹ ò tíì wo àìsàn kankan!

Omi ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ìpẹtà ló ń bí. Kúláǹtì, oògùn olómi tí wọ́n ń rọ sí rédíétọ̀, tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi tó mọ́, kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, ó sì máa ń ṣòro kó tó hó. Agolo omi BM yìí, ibi tí wọ́n ń rọ omi rédíétọ̀ sí, ike ni. Ooru àti ọjọ́ orí á mú kó gbẹ, á sán lójijì, omi á dà nù. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì yẹn. Tó bá gbóná jù, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù) nìkan kọ́ ló ń jó, orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀, ihò tí bóòtù orí ń dì mú nínú búlọ́ọ̀kù sì lè já. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì mìíràn lò ń wá.

Wàá ní o máa wo gèéjì ooru. Gèéjì E46 ò ní sọ òótọ́ fún ọ! Láti nǹkan bí ìwọ̀n 75 Celsius títí kọjá 110, àárín gbùngbùn ni abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń dúró sí. Kó tó gbéra, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ra sìkánà kékeré, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kó o kì í bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó o máa wo nọ́ńbà gan-an.

Tí ẹ bá wá ń rọ kúláǹtì sí BM, ẹ má kàn dà á kí ẹ dé e. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì jí i. Ẹ yí híítà sí gbígbóná jù lọ, kí afẹ́fẹ́ ẹ̀ wà ní kékeré. Síkúrù ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí agolo omi, ẹ tú u díẹ̀. Ẹ wá máa rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ máa yọ fọ́ọ̀mù, á máa dún ṣí-ṣí-ṣí. Ẹ ní sùúrù! Ìgbà tó bá ń ṣàn jáde láìsí fọ́ọ̀mù mọ́ lẹ tó dì í. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ẹ́ńjìnnì máa ń mú kó gbóná bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo páàtì ẹ̀ tuntun.

Ó ku ọjọ́ tó o fẹ́ lọ wò ó. Ti pépà, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Sọ fún oníṣòwò pé kó má jí i kó o tó dé. Tó o bá dé, gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́? Máa lọ sílé. Kí ló fẹ́ fi pamọ́? Tó bá tutù, ṣí ìdérí agolo, wo inú rẹ̀. Tí omi bá dà bí tíì tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ọ́ìlì ti pò mọ́ ọn nìyẹn, má dúró bá a dúnàádúrà rárá.

Èwo ni kó o wá rà? Tó bá jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo lo ní, tó o sì ń na Ìlọrin sí Òmù-Àrán lójoojúmọ́, Corolla ni. Fi owó tó kù ra sọ́ọ̀kì gidi, bọ́ọ̀ṣì, àti táyà tí kò tíì pẹ́ láyé. Yóò yà ọ́ lẹ́nu bó ṣe máa gbá kọ́nà mú. Tí mọ́tò mìíràn bá wà nílé, ra BM. Ṣùgbọ́n kó o tó sanwó ẹ̀, ya owó agolo omi, pọ́ǹpù, tẹ̀mósítáàtì, àwọn ọ́ọ̀sì (rọ́bà tí omi ń gbà) àti kúláǹtì sọ́tọ̀, kó o pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó o bá gbé e délé. Tí owó yẹn ò bá sí, owó BM ò tíì pé.

Ẹ kọ mọ́tò tẹ́ ẹ ń wò sísàlẹ̀, ẹ kọ ọdún ẹ̀ àti bóyá tẹ̀mósítáàtì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá bi mí léèrè iye owó nìkan, mi ò ní dá a lóhùn o.