Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Àkúrẹ́ lórí bí a ṣe ń wọn oògùn

Ẹ kú ìjókòó o. Nígbà tí ẹ̀rọ LC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya ohun inú omi sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó wọn wọ́n, bá sọ pé báyìí ni oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣe pọ̀ tó, kí ni a rí tí a fi gbà á gbọ́?

Ẹ fojú inú wo Ọjà Ọba. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ á ti jáde kíá. Ẹni tó ní ojúlùmọ̀ ní gbogbo ìsọ̀ á máa dúró kí wọn, ilẹ̀ á sì ṣú bá a. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́lọ́ọ̀mù inú ẹ̀rọ náà rí: ọ̀pá irin tí kò gùn ju bírò lọ, tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun sílíkà kún, tí ohun tó dà bí ọ̀rá sì bo ìyẹ̀fun náà lára. Paracetamol fẹ́ràn omi, kì í pẹ́ jáde. Lumefantrine inú oògùn ibà fẹ́ràn ọ̀rá, ibẹ̀ ló máa ń sùn sí.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì á fọ́n wọn bí ìrì, omi á gbẹ, mólékù tó ti gba iná á kù. Iṣẹ́ tí onímọ̀ kẹ́mísírì John Fenn ṣe lórí ọgbọ́n yìí ló mú kó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002. Ẹ̀rọ á wá wọn ìwúwo mólékù náà: 152 ni ti paracetamol, tí wọ́n bá sì fọ́ ọ, 110 á jáde lára rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi. Ẹ̀kán méjì péré nínú omi ẹ̀jẹ̀ (plasma, èyí tó kù tí a bá yọ pupa inú ẹ̀jẹ̀ kúrò) ni mo máa ń mú, màá da acetonitrile, omi kẹ́míkà kan, ìlọ́po mẹ́ta lé e. Lójú ẹsẹ̀ ló máa dì, tó sì funfun bí wàrà. Bí ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan bá ti fi í yí tán, purotéènì á lọ sísàlẹ̀ bí ògì, èyí tó wà lókè á mọ́ gaara bí omidùn. Omidùn yẹn là ń lò. Ó mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń bá oògùn du iná.

Ó ti ṣe mí rí. Ìdajì paracetamol tí mo fọwọ́ ara mi pò sínú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fọ ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ mí. Ìgbà tí mo pò ó sínú omi lásán, ó pé; mo pò ó sínú omidùn ẹ̀jẹ̀ tí kò ní oògùn, ó tún wálẹ̀. Oògùn náà ló ń tètè jáde pẹ̀lú iyọ̀. Mo dín acetonitrile tó wà nínú omi tó ń gbé oògùn gba inú kọ́lọ́ọ̀mù kọjá kù, ó pẹ́ díẹ̀ sí i nínú kọ́lọ́ọ̀mù, nọ́ńbà sì gòkè padà.

Bí owó bá wà, ẹ ra ìbejì oògùn náà, èyí tí wọ́n fi haidirojíìnì tó wúwo ṣe, tó ń hàn ní 156, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọn. Ohun tó bá dé bá Táyé á dé bá Kẹ́hìndé.

Ìlànà àgbáyé ICH M10 lórí wíwọn oògùn inú ẹ̀jẹ̀, tó jáde ní 2022, ní ká dán ọ̀nà wa wò nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́fà ó kéré tán, kí àṣìṣe má sì ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹ má jẹ́ kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí a rà láti òkè òkun. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, ta ni ibà mú tí kò mu àgbo? Ohun tó wà nínú dóńgóyárò pọ̀, ó sì lè bá oògùn jáde. Kí abẹ́rẹ́ tó kan apá ẹnikẹ́ni, ẹ bi wọ́n: “Màmá, àgbo wo lẹ mu lánàá?” Kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìgò ẹ̀jẹ̀ náà.