Ìdánwò Tí Kò Tíì Wáyé Kò Lè Kùnà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká mú ètò tí púpọ̀ nínú yín ti kọ rí: èyí tó ń ṣàkọsílẹ̀ owó àjọ. Ìjẹ̀bú kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré, iṣẹ́ yẹn kò lè tán láàárín wa. Nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn tó ń dá àjọ kò gbọdọ̀ wà ní gbangba, nítorí náà ẹ lo cryptography, láíbìrì Python (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún ìlò gbogbo èèyàn), láti fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n pa. Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀rẹ́ yín kan ní Ṣàgámù gba kóòdù náà, ó ní kí pytest, irinṣẹ́ tó ń dán kóòdù wò, ṣe àwọn ìdánwò rẹ̀, pupa ló yọ sí i láti òkè délẹ̀. Ó pè: "Ọ̀rẹ́ mi, kóòdù ẹ ti dàrú o, ìdánwò kan ò yege!"

Kóòdù kò dàrú. Ẹ ní kó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sókè. Bó bá rí FAILED, ìdánwò ti wáyé, èsì rẹ̀ ni kò bá ohun tí ẹ retí mu. Bó bá rí ERROR, tí wọ́n sì kọ "error during collection" sí i, ìdánwò kankan kò tíì wáyé. Pytest ṣì ń kó wọn jọ ni, ó kan fáìlì tó ń pe cryptography, kò rí i, ó dáwọ́ dúró. Fáìlì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó láti dá gbogbo ìyókù dúró, títí kan èyí tó kàn ń ro owó pọ̀. Ẹni tí kò tíì ra ewùrà kò lè ní ìkọ́kọrẹ́ òun kò dùn.

Ìlà tí ẹ ń wá ni èyí: ModuleNotFoundError: No module named 'cryptography'. Ọ̀pọ̀ á ní "mo ti fi sí i". Òótọ́ ni, ó ti fi sí i, àmọ́ sínú Python mìíràn tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ máa kọ python -m pip install cryptography (pip ló ń fi láíbìrì sínú Python), kí ẹ sì kọ python -m pytest. Python kan náà ni yóò ṣe méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ fláàṣì wá kàn. Dátà wọ́n. Ẹnì kan á wa àwọn láíbìrì sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, á kó wọn sórí fláàṣì, fláàṣì á sì máa lọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìkẹ́nnẹ́. Kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ka orúkọ fáìlì tó parí sí .whl dáadáa; wheel là ń pè é, láíbìrì tí wọ́n ti dì tán fún fífi sí kọ̀ǹpútà ni. Lára ti cryptography, ẹ óò rí abi3, èyí ni pé fáìlì kan náà lè bá oríṣiríṣi Python ṣiṣẹ́. Cffi tí cryptography gbára lé kò rí bẹ́ẹ̀: cp310 lè wà lára tiẹ̀, Python 3.10 nìkan ló sì máa gbà á. Láíbìrì ńlá á fẹ́ wọlé, kékeré á dí i lọ́nà, pip á ní "No matching distribution found for cffi", ẹ óò sì máa bínú sí cryptography. Ẹ wo ìparí orúkọ náà pẹ̀lú. Ti Windows ni win_amd64, ti Linux ni manylinux. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Alpine, Linux kékeré kan, nínú Docker, musllinux ni tiyín.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, tí pip kò sì rí wheel tó bá kọ̀ǹpútà mu, á fẹ́ kọ́ láíbìrì náà fúnra rẹ̀ láti inú kóòdù. Láti ẹ̀yà 3.4 ti cryptography, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, iṣẹ́ yẹn ń béèrè Rust, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Tí ẹ bá rí Rust nínú àṣìṣe, ẹ má tíì lọ fi dátà yín wa Rust. Ẹ kọ́kọ́ sọ pip di tuntun, torí pip tó ti gbó kì í dá àwọn wheel tuntun mọ̀.

Òmíràn ni "libssl.so.1.1: cannot open shared object file". Láíbìrì wà níbẹ̀, OpenSSL (irinṣẹ́ tó ń ti dátà pa) àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ọ lé ni kò sí. Ubuntu 22.04 gbé OpenSSL 3 wá, kò gbé 1.1 mọ́. Àwọn kan á lọ wá 1.1 kiri. Èmi ò fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún 1.1.1 ti dópin, ẹ sì fẹ́ fi ṣọ́ owó olówó? Ẹ wá ẹ̀yà láíbìrì yín tí wọ́n kọ́ lé OpenSSL 3.

Ọmọkùnrin kan bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè kọ pytest.importorskip kí n máa bá tèmi lọ?" Àṣẹ yẹn ń fo ìdánwò bí láíbìrì kò bá sí. Bí ohun tí cryptography ń ṣe bá jẹ́ àfikún lásán nínú ètò yín, ó dáa. Nínú ètò àjọ, títi nọ́ńbà pa gan-an ni iṣẹ́. Tí ẹ bá fo ìdánwò rẹ̀, kò ní sí pupa lójú kọ̀ǹpútà, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá nọ́ńbà àwọn èèyàn wà ní títì.

Ọmọbìnrin kan ní tòun yàtọ̀: àwọn ìdánwò òun bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọ MySQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. PyMySQL nìyẹn, láíbìrì tí Python fi ń bá MySQL sọ̀rọ̀. Kò nílò cryptography títí yóò fi pàdé caching_sha2_password, ọ̀nà ìwọlé tí MySQL 8.0 ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn. Ẹ kọ PyMySQL[rsa] sínú requirements.txt, fáìlì tí ẹ to àwọn láíbìrì tí ètò yín nílò sí, dípò PyMySQL lásán, pip á mú cryptography wá pẹ̀lú rẹ̀.