Agbo Ilé Tó Bí Àmì-Ẹ̀yẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Olùkọ́ Ìṣàkóso Iṣẹ́ ní Carnegie

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni àmì-ẹ̀yẹ àti àṣeyọrí àwọn olùkọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Mo lè dúró síhìn-ín kí n máa ka orúkọ àti ọdún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n orúkọ kíkà kò ní fi hàn wá bí iṣẹ́ náà ṣe di ṣíṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Carnegie ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1949. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọrùn ẹnì kan ni wọ́n máa ń gbé àmì-ẹ̀yẹ kọ́, ṣùgbọ́n agbo ilé ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún un.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ̀ pé kò sí ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́. Èyí tí ọwọ́ àwọn olùkọ́ wa lè tó ni ti ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Sweden dá sílẹ̀ ní 1968 ní ìrántí Alfred Nobel, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fún ènìyàn ní 1969. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tó bá gbà á ti kọjá ààlà oko tirẹ̀ nìyẹn.

Ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ William Larimer Mellon ló fi mílíọ̀nù 6 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní àkókò yẹn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ka ẹ̀kọ́ ìṣòwò kún, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ kò ju ìrírí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ wò bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. George Leland Bach, tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú William Cooper àti Herbert Simon, pinnu láti yí èyí padà. Wọ́n kò pín àwọn olùkọ́ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, onímọ̀ ìṣirò àti ẹni tó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú jọ wà nínú ilé kan náà, wọ́n jọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, wọ́n sì jọ ń jiyàn. Ní tèmi, ìpinnu yìí tóbi ju owó Mellon lọ.

Simon ni ó yẹ kí a dúró tì jù. Wọ́n bí i ní Milwaukee ní 1916, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní Yunifásítì Chicago ní 1943. Ìbéèrè tó gbà á lọ́kàn ni bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ṣe ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ìgbà yẹn gbà pé oníṣòwò a máa wo gbogbo ọ̀nà tó wà, a sì mú èyí tó dára jù. Simon ní rárá, pé àkókò ènìyàn kò tó, ohun tó mọ̀ kò tó, agbára ìrònú rẹ̀ náà sì ní ibi tó mọ. Ẹ wo alájàpá tó ń wá ọkọ̀ tí yóò kó iṣu rẹ̀ dé ọjà. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó wà nílùú ni yóò béèrè iye owó rẹ̀. Bó bá ti rí èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí awakọ̀ rẹ̀ sì ṣeé fọkàn tán, yóò di ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀. Simon fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe, àti pé ìdí tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n fi ń ṣe ìlànà, ni pé ọpọlọ ẹnì kan kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àwọn baba wa ti rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Láti inú ìbéèrè kan náà ni Simon ti bọ́ sí ìdí kọ̀ǹpútà. Òun, Allen Newell àti Cliff Shaw kọ ètò kan ní 1956 tó lè wá ẹ̀rí fún òfin ìṣirò bí ènìyàn ṣe ń wá a. Ní 1975, òun àti Newell gba Turing, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 1978, ó gba Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ìpinnu ṣe ń wáyé nínú ilé-iṣẹ́. Ní 1986, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Oko mẹ́ta ni àwọn èèyàn rò pé ó ro, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tọ̀ lẹ́yìn.

Iṣẹ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló bí Nobel kejì àti ìkẹta fún agbo ilé yìí. Wọ́n yan Franco Modigliani àti Merton Miller láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ owó ilé-iṣẹ́, wọ́n sì rí i pé ohun tó wà nínú ìwé kò so pọ̀. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n jọ kọ ní 1958 sọ pé iye tí ilé-iṣẹ́ kan tó kò sinmi lé bóyá gbèsè ló fi ń ṣòwò tàbí owó àwọn onípìn-ín, bí a bá yọ owó orí àti ewu ìwọgbèsè kúrò. Bí a gé iṣu sí méjì, bí a gé e sí mẹ́rin, iṣu náà kò tóbi sí i. Modigliani gba Nobel ní 1985, Miller gbà á ní 1990, nígbà tí àwọn méjèèjì ti kúrò ní Pittsburgh tipẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà. Charles Holt, Modigliani, John Muth àti Simon jọ ṣe ìwádìí fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀dà, láti mọ iye tó yẹ kí wọ́n ṣe lóṣù, iye tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ àti iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbà. Ìwé wọn jáde ní 1960. Láàárín iṣẹ́ yìí ni Muth ti ń ronú nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ iwájú, èrò rẹ̀ sì forí gbárí pátápátá pẹ̀lú ti Simon. Ní 1961, ó kọ ọ́ pé ohun tí àwọn oníṣòwò ń retí nípa iye owó ọjà kò yàtọ̀, ní àpapọ̀, sí ohun tí ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fúnra rẹ̀ yóò sọ. Inú ilé kan náà, inú iṣẹ́ kan náà, ni èrò méjèèjì tó tako ara wọn yìí ti dàgbà, Simon kò sì lé Muth jáde. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo ayẹyẹ Nobel tó wáyé ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, lọ.

Robert Lucas, tó kọ́ni ní Carnegie láti 1963 sí 1974, ló mú èrò Muth lọ sínú ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, ó sì gba Nobel fún un ní 1995. Finn Kydland àti Edward Prescott, tí àwọn méjèèjì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, gba tiwọn ní 2004. Oliver Williamson, tó gba oyè tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1963, tó sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò Berkeley, gbà á ní 2009 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdí tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ṣe ohun kan fúnra rẹ̀ dípò kó rà á lọ́jà. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yẹn ni ohun tí Simon sọ nípa ibi tí ìrònú ènìyàn mọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí a bá ń ṣètò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, àpilẹ̀kọ tí ẹnì kan dá kọ ni máàkì rẹ̀ máa ń pọ̀, èyí tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jọ kọ ni a máa ń bù kù. Mo mọ ìdí rẹ̀: a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ sórí iṣẹ́ tí kò ṣe. Síbẹ̀, ìwọ̀n yìí ni yóò bu iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yẹn sí mẹ́rin, tí yóò sì mú kí ọ̀dọ́ olùkọ́ bíi Muth ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí.

Muth kò gba Nobel. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Indiana títí di 1994, ó sì kú ní 2005. Holt náà kò gbà á. Ní 1957, ó kọ ìròyìn kan ní Carnegie fún ọ́fíìsì ìwádìí ti ológun ojú omi Amẹ́ríkà, lórí bí a ṣe lè fi ọjà tí a ti tà sẹ́yìn mọ iye tí a óò tà, nípa fífún oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n tó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Peter Winters, tó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1960. Ọdún 2004 ni ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan tó tẹ ìròyìn Holt jáde, nígbà tí àwọn ilé ìtajà ti ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe ọ̀nà yẹn tipẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ọjà.