Hôtel de Beauvais: Ilẹ̀ Wíwọ́ Ló Bí Ilé Arẹwà

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń to ilé ọlọ́lá ní Paris láyé ìgbà yẹn: ẹnu-ọ̀nà lójú títì, àgbàlá, ilé tí olówó fúnra rẹ̀ ń gbé, ọgbà wá kẹ́yìn. Hôtel ni wọ́n ń pe irú ilé ọlọ́lá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé ìtura. Hôtel de Sully rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ti Beauvais kò rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló sì fà á.

Catherine Bellier, ìránṣẹ́bìnrin àgbà inú yàrá Ayaba Anne, ìyá Louis XIV ọba Faransé, àti ọkọ rẹ̀ Pierre Beauvais ló kọ́lé yìí. (Àwọn ẹlẹ́nu ní Catherine ló kọ́kọ́ mú Louis XIV mọ obìnrin. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbé òkúta kan lé èkejì, ẹ jẹ́ ká kọjá.) Antoine Le Pautre ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láàrin 1655 sí 1660. Ilẹ̀ náà wọ́, ó kan títì méjì, àjà ilẹ̀ olókùúta tí àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin onísìn, ti ilé ìsìn Chaalis ní láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń fi rúlà dájọ́ ilé á ní igun wíwọ́ yẹn ni àléébù rẹ̀. Èmi ò gbà fún wọn. Àgbàlá ni Le Pautre kọ́kọ́ mú dọ́gba: ìlà kan ṣoṣo láti ẹnu-ọ̀nà dé ògiri ìparí tó tẹ̀ róbótó, apá ọ̀tún bá ti òsì mu. Gbogbo àjẹkù ilẹ̀ tó wọ́, ó fi ṣe yàrá kéékèèké. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gba àbáwọlé róbótó olópòó kọjá, ẹni inú rẹ̀ kò sì fura rárá pé ilẹ̀ wọ́. Ẹ wo orí àgbò àti orí kìnnìún tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri níbẹ̀; àgbò yẹn ń fi Bellier, orúkọ bàbá Catherine, ṣeré, torí “bélier” ni àgbò lédè Faransé.

Ilé gbígbé wá bọ́ sójú títì, ìsọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 26 oṣù kẹjọ 1660, nígbà tí ọba àti ìyàwó rẹ̀ tuntun ń wọ̀lú, Ayaba Anne àti Mazarin, mínísítà àgbà ọba, wo gbogbo rẹ̀ láti bákónì ibẹ̀. Ilé tó bá sá sẹ́yìn àgbàlá ì bá rí kí ni?

Arábìnrin kan nawọ́: “Ọgbà ńkọ́, sà?”

Ìbéèrè yìí gba àkókò wa, ó sì tọ́. Ọgbà gun òkè, ó wà lórí ilé ẹṣin. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: iyẹ̀pẹ̀ tó rin, tó jìn ní ìdajì mítà, yóò tó 900 kílò lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Àjà pẹrẹsẹ onígi á tẹ̀ kọrọdọ. Àjà òkúta tó tẹ̀ bí ọrun ló lè gbé e. Irú ọgbà báyìí ń fẹ́ òjé lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, kí ó dagun díẹ̀, kí omi rí ojú ìṣàn. Bí ewé bá dí ojú ìṣàn, omi á dúró, á wọ ojú ìpàdé òkúta, á máa fọ ẹfun inú rẹ̀ lọ. Iyọ̀ á wá yọ, ojú òkúta á máa ṣí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní mọ̀ títí tí ilé á fi ń jò sẹ́ṣin lórí.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi, nítorí náà, kíákíá: Mozart olórin, ọmọ ọdún 7, wọ̀ síbẹ̀ ní 1763, lọ́dọ̀ aṣojú Bavaria. Lẹ́yìn Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé, wọ́n pín in fún ayálégbé. Láti 2004, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ló wà níbẹ̀, ní 68 rue François-Miron. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Bí wọ́n bá ṣí i, àtẹ̀gùn olópòó Kọ́ríńtì (òpó tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lórí) wà lápá òsì.