Ẹ̀jẹ̀ Awakọ̀ Tó Mutí: Láti Apá Dé Inú Ẹ̀rọ

Ẹ kú ìjókòó. Ká ní wọ́n dá awakọ̀ kan dúró ní Ajásẹ́-Ìpo ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ̀rọ tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ti fọhùn. Ó ku ẹ̀jẹ̀.

Aago lẹ kọ́kọ́ máa kọ sílẹ̀. Ara máa ń lo ọtí tán bíi mílígíráàmù 15 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kan. Ti ẹlòmíì jẹ́ 10, ti ẹlòmíì 25. Ẹni tó ní 90 ní aago mẹ́sàn-án, bí wọn ò bá rí nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin títí di aago méjìlá, ó lè ku 45. Ìyẹn ti wọ abẹ́ 50 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òfin fi ṣe òpin. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife sílẹ̀ yàtọ̀ o: tirẹ̀ ṣì lè máa gòkè.

Ẹ má fi òwú spírítì nu apá. Lọ́yà awakọ̀ ti rí ohun tó máa sọ nìyẹn! Ọṣẹ àti omi ti tó.

Ìgò gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Èyí tó ní ìdérí aláwọ̀ eérú ni, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ìgò mílílítà 10 ti kọ́ọ̀tù ní mílígíráàmù 100 sodium fluoride, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò kì í ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Fluoride yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò bíi Candida sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ di ọtí. Nínú ooru Ìlọrin, tí iná bá tún lọ, ìgò tí fluoride rẹ̀ kéré lè ní ọtí tí awakọ̀ ò mu. Ẹ kún un dáadáa, ẹ dé e pinpin, torí ọtí máa ń fẹ́ lọ. Ẹ rọra yí i sókè-sódò nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bó bá dì, omi tó léfòó lókè ni wọ́n máa fà, ọtí inú rẹ̀ sì máa ń ju ti odidi ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ lẹ bébà mọ́ ìdérí, kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án buwọ́ lù ú. Yìnyín nínú kúlà, lẹ́yìn náà fíríìjì, bíi 4°C.

Ní láàbù, gas chromatography ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú ooru sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á bu ẹ̀jẹ̀ kan náà sínú ìgò kékeré méjì, wọ́n á mú wọn gbóná, wọ́n á fa ooru òkè wọn. Bí èsì méjèèjì bá jìnnà síra, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀rọ yìí máa ń ya methanol, ọtí olóró inú ògógóró burúkú, sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí gidi. Ẹ̀rọ tí ọsibítù fi ń wo ọtí kíákíá kò tó bẹ́ẹ̀. Lactate, èròjà kan tó máa ń pọ̀ lára ẹni tó fara pa gidigidi, lè tàn án jẹ. Ìtọ́jú ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe kọ́ọ̀tù.