Ìka mẹ́rin sí ewé: bí mo ṣe kan iná fúlórẹ́sẹ́ǹtì fún ọ̀gbìn inú yàrá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi wo fèrèsé yìí. Mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Aago kan ọ̀sán ni, òòrùn ń mú níta. Ṣùgbọ́n bí mo bá na ọwọ́ jáde báyìí, ògiri ilé kejì ni ọwọ́ mi kàn. Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí, ẹ̀yìn Ìdúmọ̀tà. Ilé fara ti ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mushin àti Ṣómólú mọ ohun tí mò ń sọ. Òòrùn kò wọ́n l'Ékòó, ògiri ni kò jẹ́ kó wọlé.

Inú yàrá yìí ni mo ti ń gbin èfìnrín, ṣọkọ àti ata rodo. Èfìnrín tí mo fi se ọbẹ̀ lánàá, abẹ́ iná tí ẹ ń wò yìí ni mo ti já a. Èmi ni mo kàn án: ọ̀pá fúlórẹ́sẹ́ǹtì méjì, pákó kan, ẹ̀wọ̀n méjì. Màá fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín. Ṣùgbọ́n kíkàn rẹ̀ kọ́ ló ń kó ènìyàn síṣòro jù. Ibi tí a gbé e kọ́ sí ni.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yẹn. Mo ra ata rodo tó pọ́n dáadáa ní ọjà Sandgrouse, mo sá èso inú rẹ̀, mo gbìn ín sínú ike, mo gbé ike náà sí abẹ́ iná àjà. Yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ata hù, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tó fi ga bí ìka mi, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ewé rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jí bá gbogbo wọn ní ìdùbúlẹ̀. Ata 15, kò ku ẹyọ kan. Ó dùn mí gan-an, nítorí lójú mi, iná wà, omi wà, ilẹ̀ dára.

Ojú wa ló ń tàn wá jẹ. Ẹyinjú máa ń ṣí gbòòrò níbi tí kò mọ́lẹ̀, ó sì máa ń súnkì nínú oòrùn, kó lè ríran níbi méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí yàrá fi lè dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ tó ìta. Ewé kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀, iye ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e ló ń jẹ. Wọ́n ń fi lux wọn ìmọ́lẹ̀. Ìta gbangba ní ọ̀sán gangan, tí ojú ọ̀run bá mọ́, lè tó 100,000 lux. Yàrá tí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kì í sábà ju 500 lọ. Ebi ló pa ata mi. Ó ń na ọrùn wá oúnjẹ títí agbára rẹ̀ fi tán.

Ohun tí a ó ṣe ni pé kí a gbé ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ lọ bá a. Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo to ìka mẹ́rin pọ̀, mo fi wọ́n sí àárín, láti orí ewé dé ara ọ̀pá iná. Bó ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ra tó nìyẹn. Gílóòbù àtijọ́, èyí tí irin inú rẹ̀ máa ń pọ́n, kò ṣe é gbé sún mọ́ ewé bẹ́ẹ̀, á jó o. Ọ̀pá fúlórẹ́sẹ́ǹtì kì í gbóná tó ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì nà gbọọrọ, ó ń bo gbogbo ike tó wà lórí tábìlì.

Kò sí irin tó ń pọ́n ní gbogbo gígùn rẹ̀. Gáàsì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú mẹ́kúrì díẹ̀. Bí iná bá ń gba inú gáàsì yẹn kọjá, mẹ́kúrì á máa tú ìmọ́lẹ̀ ultraviolet jáde, èyí tí ojú wa kò lè rí. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì náà ló ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí. Irú ìyẹ̀fun tí wọ́n bá lò ló ń pinnu àwọ̀ iná. Torí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, ẹ ka ohun tó wà létí ọ̀pá. Bí ẹ bá rí 865 tàbí 6500K, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ti ọ̀sán, òun ló dára fún ewébẹ̀ àti fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Èyí tí wọ́n kọ 827 tàbí 830 sí máa ń pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà, ó wúlò fún ohun tó fẹ́ yọ òdòdó. Tèmi, 865 ni méjèèjì.

Ọ̀pá, hólídà tó ń di orí rẹ̀ mú, sítátà tó ń jẹ́ kó tàn àti ṣóòkì tó ń di iná rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní Alábà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ rewáyà àdúgbò yín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti yí sí LED, fítìn àtijọ́ wọn ló ń gba ààyè lásán. Ọ̀kan nínú ṣóòkì mi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ni mo ti rí i gbà. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin máa ń jẹ́ wáàtì 36, ti ẹsẹ̀ bàtà méjì jẹ́ 18. Iye wáàtì tó wà lára ṣóòkì gbọ́dọ̀ bá ti ọ̀pá mu.

Pákó mi, pílàíwúùdù ni, ó fi díẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo fi ọ̀dà funfun tí kì í dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá gòkè lè padà sísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń lẹ fóìlì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iná ń gba inú fóìlì kọjá. Bí wáyà kan bá já kàn án, gbogbo pákó yẹn di ohun tó lè pa ènìyàn. Ọ̀dà funfun tó.

Ó kan wáyà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Kì í ṣe kí ẹ pa suwíìṣì nìkan, ẹ yọ ọ́ pátápátá. Nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, ẹlòmíràn ti gbé wáyà gba òdìkejì tipẹ́, suwíìṣì á ti pa, iná á ṣì wà níbẹ̀.

Hólídà méjì ló ń di ọ̀pá kan mú, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan, ihò wáyà méjì sì wà lára hólídà kọ̀ọ̀kan. Wáyà láìfù, tó jẹ́ búráùn nínú wáyà tuntun, tó jẹ́ pupa nínú ti àtijọ́, ṣóòkì ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Láti ara ṣóòkì, ó bọ́ sí ihò kan nínú hólídà àkọ́kọ́. Láti ihò kejì hólídà yẹn kan náà, wáyà mìíràn lọ sí ara sítátà. Láti sítátà, ó gba ẹ̀yìn pákó lọ sí hólídà kejì, ó wọ ihò kan níbẹ̀. Ihò tó ṣẹ́kù ni ti níútírà, tó jẹ́ búlúù tàbí dúdú. Ọ̀pá kejì ní ṣóòkì tirẹ̀ àti sítátà tirẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wáyà rẹ̀ gbà.

Bí ẹ bá tan iná, sítátà á kọ́kọ́ jẹ́ kí orí méjèèjì gbóná, lẹ́yìn náà á gé iná náà. Bó bá ṣe gé e yẹn, ṣóòkì á ta iná alágbára kan sínú gáàsì, ọ̀pá á mọ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ ṣóòkì ni láti di iná náà lọ́wọ́ mú. Láìsí ṣóòkì, iná á máa pọ̀ sí i nínú gáàsì yẹn títí ọ̀pá á fi bàjẹ́.

Ẹ má gbàgbé wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, wáyà ẹ́ẹ̀tì. Ara irin ṣóòkì ni ẹ ó so ó mọ́, á sì lọ sí ẹsẹ̀ gígùn púlọ́ọ̀gì. Fíúsì 3 amp ni kẹ́ ẹ fi sínú púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe 13 amp. Ẹ jẹ́ kí okùn wáyà rẹ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó padà gòkè lọ wọ̀ ọ́, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ bọ̀ kán sílẹ̀ dípò kó wọ inú iná. Bí ẹ kò bá tíì so wáyà rí, ẹ kan pákó yín, ẹ kùn ún, ẹ wá sanwó fún rewáyà kó parí èyí tó kù. Omi àti iná ni a kó pa pọ̀ sínú yàrá tí à ń sùn sí, owó rewáyà kò tó ohun tí à ń du.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ so gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, á máa ṣẹ́jú, kò ní í tàn. Ẹ má tíì tú wáyà. Ẹ wo fáànù yín. Bó bá ń yí jẹ́jẹ́, half current ni NEPA gbé wá, agbára rẹ̀ kò tó tí sítátà fi lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iná àdúgbò yín ṣe ń rí lójoojúmọ́, ẹ ra ṣóòkì electronic. Kò nílò sítátà, ó máa ń tètè gbé iná tí kò lágbára. Bí wọ́n ṣe ń so ó yàtọ̀, ó wà ní yíyà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n yà síbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ní ti iye wákàtí, 14 tó fún ewébẹ̀, ẹ lè jẹ́ kó pé 16 fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ẹ má fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ mọ́. Ewé tòmátì tí kò rí òkùnkùn rárá máa ń pọ́n, ó sì máa ń bàjẹ́. Ọ̀pá 36 méjì, pẹ̀lú ohun tí ṣóòkì ń jẹ, tó wáàtì 90. Wákàtí 14 lójúmọ́, ó ń lọ sí yúníìtì 38 lóṣù. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta yúníìtì fún yín sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní Band A, ìyẹn àwọn àdúgbò tí iná máa ń wà púpọ̀ jù, ẹ má torí ewébẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé ike sí ojú fèrèsé ní ọ̀sán, bí NEPA bá mú iná wá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé e padà sábẹ́ rẹ̀ kó fi parí wákàtí rẹ̀.

Bí ọ̀pá bá fọ́, nítorí mẹ́kúrì inú rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ síbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ńṣe ni ìgbálẹ̀ á tú u ká. Páálí líle ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ìyókù nílẹ̀, kí ẹ di gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Nítorí mẹ́kúrì yìí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ṣe fẹnu kò ní 2023 pé kí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe irú iná yìí àti kíkó o wọ̀lú dúró tó bá fi máa di 2027. Nítorí náà bí ọ̀pá yín bá kú lọ́jọ́ iwájú, ti LED ni ẹ máa rí rà. Pákó yín, ọ̀dà yín àti ẹ̀wọ̀n yín kò ní í yí padà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí rewáyà ka ohun tó wà lára ọ̀pá LED náà, nítorí òmíràn kò fẹ́ ṣóòkì rárá.

Ó ku bí a ṣe ń gbé e kọ́. Sikúrú tó ní ojú, méjì, ni mo dè mọ́ òkè, ẹ̀wọ̀n ló sì mú pákó dání, kí n lè máa gbé e sókè sódò. Ẹ wo ata tuntun yìí. Ọjọ́ méjìlá rèé tó ti hù. Ọrùn rẹ̀ kúrú, ó nípọn, ewé rẹ̀ dúdú minimini. Mo to ìka mẹ́rin sí i lórí, kò gbà mọ́, mẹ́ta péré ló wọlé. Ó ti ga láti ìjẹta. Nítorí náà mo dì í mú báyìí, mo yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lára ìkọ́, mo fi ojú ẹ̀wọ̀n kan gbé e sókè. Mo ṣe apá kejì bákan náà. Ìka mẹ́rin ti tún pé.