Ta ló sọ fún yín pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni ọmọ tí ò ríran?

Àsàláámù àlékúmù o ẹ̀yin èèyàn mi. Jímọ̀ tún dé, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá kan ládùúgbò wa, ọmọ ẹ̀ ò ríran, tí àlejò bá ti wọlé báyìí wọ́n á tilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn mọ́ ọmọ yẹn. Mo ní kí ló dé, ó ní "Àfáà, ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi l'Ọlọ́run fi ń jẹ mí níyà." Haa! Mi ò rí oorun sùn.

Ohun tí ìyá Ronnie Milsap, olórin afọ́jú ará Amẹ́ríkà kan, náà sọ nìyẹn. Robbinsville ní North Carolina, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1943, àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni wọ́n bí mọ́ ọn, ìyá ní ìyà Ọlọ́run ni, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àwọn òbí àgbà tó jẹ́ mẹ̀kúnnù ló tọ́ ọ. Wọ́n mú un lọ iléèwé afọ́jú ní Raleigh, ibẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù, ibẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ kan ti gbá a létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, ìwọ̀nba tó ń rí tẹ́lẹ̀ bá tún lọ. Ọmọ tí wọ́n gbé jù yẹn, lọ́dún 1977 òun ni wọ́n fi joyè òṣèré country, ìyẹn orin ìgbèríko Amẹ́ríkà, tó ta gbogbo wọn yọ. Orin ẹ̀ kọ́ ni mo wá polówó o, ìyá yẹn ló ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Abdullahi ọmọ Ummu Maktum fún yín. Afọ́jú ni. Ànábì (SAW) ń bá àwọn ọlọ́lá Kùréṣì sọ̀rọ̀, ó fọwọ́ tálẹ̀ wá, ó ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ kọ́ mi nínú ohun tí Ọlọ́run fi mọ̀ yín. Ànábì fajú ro. Ṣé afọ́jú á rí ojú tó ro ni? Kò rí i, Ọlọ́run ló rí i, Ó sọ Súrà Abasa kalẹ̀ nítorí ẹ̀! Ọkùnrin yìí ló wá ń pe ìrun Àsùbá ní Mẹdínà, Ànábì á ní ẹ máa jẹ sààrì yín títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn ẹ̀, tó bá rìnrìn àjò òun ló máa ń fi síwájú ìrun.

Tí Ọlọ́run bá lè bá Ànábì wí nítorí ojú tó ro lásán, ìwọ tó tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọmọ afọ́jú tọrọ báárà lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí, kí lẹ fẹ́ wí lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!

Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ wẹ ọmọ yẹn, ẹ wọ aṣọ funfun fún un, ẹ mú un wá kírun lónìí. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un ní sààfù iwájú, ẹ̀gbẹ́ mi gan-an.